Kí Wọ́n Tó Ra Ife Ẹ̀yẹ, Kí Wọ́n Fa Ìlà

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá wà nínú ìsinmi gígùn, ìdíje bọ́ọ̀lù máa ń pọ̀ ní àwọn abúlé Kétu, Pọbẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ á dá owó jọ. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kùtọnú tàbí ní Èkó á fi owó ránṣẹ́ sílé. Wọ́n á ra aṣọ eré, wọ́n á ra ife ẹ̀yẹ tó ń dán, wọ́n á pe onílù, wọ́n á sì yá àga fún àwọn àgbààgbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an, nígbà tí gbogbo nǹkan ti pé, ẹnì kan á wá béèrè pé: «Ta ni yóò fa ìlà?» Ìgbà náà ni wọ́n á rán ọmọdé kan lọ sí ìdí ààrò láti kó eérú wá.

Ẹnì kan á máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ẹlòmíràn á máa fi ọwọ́ da eérú tẹ̀ lé e. Ìlà náà á wọ́ bí ipa ejò. Kí ìdajì eré tó parí, afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ àwọn eléré á ti gbá a lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá wá dé ẹnu ilé gọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì gbá a padà, apá kan á pariwo pé ó ti wọlé, apá kejì á ní kò wọlé. Adájọ́ eré á wo ilẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yòówù tí ó bá sọ, yóò di ọ̀tá apá kan.

Nígbà tí ìdíje bá tú ká pẹ̀lú ìjà, àwọn ènìyàn máa ń dá adájọ́ eré lẹ́bi, tàbí kí wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Wọn kì í wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó àkókò kí àwọn tó ń ṣètò eré ní abúlé, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní kọ́múùnù yí ètò ìnáwó wọn padà. Irinṣẹ́ ìfàlà ni ó yẹ kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí owó yóò bá lọ. Ife ẹ̀yẹ ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn.

Ìlà ni òfin tó wà lórí ilẹ̀

Àwọn baba ńlá mọ iyì ààlà. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà oko, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ ibi tí ilẹ̀ baba òun dé. Bákan náà ni eré wọn rí. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà fún apá kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè ta ayò lórí ọpọ́n tí ihò rẹ̀ kò hàn. Bí ihò bá ti dàrú, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun jẹ, kò sì sí ẹni tó lè gbà pé òun kò jẹ.

Bọ́ọ̀lù náà kò yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní ọdún 1863, àsíá ni wọ́n ní kí wọ́n fi sàmì sí gígùn àti ìbú pápá. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àsíá nìkan kò tó. Láàárín àsíá kan àti èkejì, ojú olúkúlùkù ni ó ń fa ìlà tirẹ̀. Báyìí ni ìlà orí ilẹ̀ ṣe di dandan.

Lónìí, òfin sọ pé bọ́ọ̀lù kò tíì jáde àfi bí gbogbo ara rẹ̀ bá ti ré ìlà kọjá, yálà ó wà nílẹ̀ tàbí lókè. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá ṣì wà lórí ìlà, eré ń lọ. Òfin tún sọ pé ìlà jẹ́ ara ibi tí ó yí ká. Bí ẹni tó ń dáàbò bo ilé gọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ta alátakò lẹ́sẹ̀ lórí ìlà àgbègbè pẹ́nátì, pẹ́nátì ni. Báwo ni adájọ́ eré yóò ṣe pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi tí ìlà ti fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ibì kan, tí kò sì sí rárá ní ibòmíràn?

Kò sí ẹni tó yẹ kó fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1966, nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, bọ́ọ̀lù tí Geoff Hurst gbá lu ọ̀pá òkè ilé gọ́ọ̀lù, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ìlà. Adájọ́ eré lọ béèrè lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó wọlé. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé e. Ní ọdún 2010, ní Gúúsù Áfíríkà, bọ́ọ̀lù tí Frank Lampard gbá kọjá ìlà gbangba, ṣùgbọ́n adájọ́ eré kò kà á sí gọ́ọ̀lù. Nígbà tí Ife Àgbáyé fi máa wáyé ní Brazil ní ọdún 2014, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà ilé gọ́ọ̀lù wá. Bí ìlà bá lè da àwọn tó ní gbogbo irinṣẹ́ láàmú tó báyìí, kí ni ká sọ nípa abúlé tí kò fa ìlà kankan?

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí bọ́ọ̀lù. Eré ìdárayá wà nínú ìdánwò BEPC àti ti BAC. Ọmọ máa ń sáré, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi sáré náà. Bí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìlà ìparí bá fi mítà 2 yẹ̀, máàkì tí wọ́n fún ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè ga jù, ó lè kéré jù, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Òbí tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe wọn ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ sáré lórí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun funfun ni ó dára fún ojú

Àwọn tó rí i pé eérú kò dára máa ń sá lọ sọ́dọ̀ ohun tó funfun ju eérú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ra «chaux», èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ṣóò. Òun ni wọ́n ń fi kun ara igi àti ara ògiri. Ó funfun, ó hàn dáadáa lórí ilẹ̀ pupa, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ewu ńlá wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ni ewu náà sì ń dúró dè.

Òkúta ni ṣóò ti wá. Wọ́n á sun òkúta náà nínú iná tó gbóná gan-an títí yóò fi yí padà. Ṣóò tí kò tíì rí omi máa ń gbóná bí iná nígbà tí omi bá kàn án. Omi yìí lè jẹ́ òógùn ara, ó sì lè jẹ́ omi ojú. Èyí tí wọ́n ti bu omi pa kò gbóná bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè jó awọ ara, ó sì lè ba ẹyinjú jẹ́ débi pé ènìyàn kò ní ríran mọ́. Ọmọ tó ṣubú lórí ìlà, tí ó fi ọwọ́ nu ojú, ti fi ṣóò sí ojú ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní kó fi ọwọ́ lásán da ṣóò sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ wà nínú ewu tó ju ìyẹn lọ.

Ní ilẹ̀ Jàpáánì, ṣóò ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń fi fa ìlà sí pápá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn dókítà ojú kìlọ̀. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe lò ó mọ́, kí wọ́n lo ìyẹ̀fun òkúta tí wọn kò sun níná dípò rẹ̀. Òkúta kan náà ni méjèèjì; iná ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Onígbólò, ní agbègbè Pọbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe símẹ́ńtì. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná láì sun ún, kì í jó ènìyàn.

Àwọn kan sì wà tó ń fi epo dúdú tí wọ́n tú sílẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò fa ìlà, nítorí pé òjò kì í tètè wẹ̀ ẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n rí bí èrè ni àléébù rẹ̀. Epo náà ń pa koríko, ó ń wọ inú ilẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà omi kànga, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn tó bá ṣubú lé e. Pápá tí ọmọdé ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń da epo ìdọ̀tí sí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olùkọ́, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí òbí tó bá rí ṣóò lọ́wọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti wọ ojú ọmọ kan, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó fi ọwọ́ nù ún. Kí wọ́n máa da omi mímọ́ sí ojú náà lójú ẹsẹ̀, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi òróró tàbí omi ewé sí i.

Irinṣẹ́ tí apá abúlé ká

Kí wá ni wọn yóò lò? Ẹfun tí àwọn obìnrin ń tà lọ́jà wà níbẹ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi pò ó kó má baà fẹ́ lọ. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ń fi omi pò wà pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń fi kun inú ilé. Ó máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀ ju ẹfun lọ, pàápàá ní àkókò òjò.

Ní àwọn ìlú ńlá, kẹ̀kẹ́ ìfàlà ni wọ́n ń tì káàkiri pápá. Irú kan ní àpótí tí ìyẹ̀fun gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Bí táyà bá ti ń yí, ìyẹ̀fun á máa jáde láti ihò ìsàlẹ̀. Irú kejì ní agbada ọ̀dà. Àgbá kékeré kan á máa yí nínú ọ̀dà, á sì máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n tún ní ẹ̀rọ tó ń rìn fúnra rẹ̀, tí sátẹ́láìtì ń tọ́ sọ́nà. Kò sí abúlé tó nílò èyí. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń jó irin pọ̀ ní Ṣàkẹ́tẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ lè fi táyà àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ ṣe irú kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Bí owó ìyẹn kò bá sí, pákó méjì tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 wà láàárín wọn, àti búrọ́ọ̀ṣì kan, tó láti fa ìlà tó gún. Òfin kàn ní kí gbogbo ìlà fẹ̀ bákan náà, kí wọ́n má sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Okùn ni, pẹ̀lú èèkàn àti okùn ìwọ̀n tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń gbá pẹ́nátì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìlà ilé gọ́ọ̀lù ní mítà 11. Bí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 80 bá ka ẹsẹ̀ 11, mítà 8,80 ni ó dé. Ó ti fi mítà 2,20 jí lára ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ kí igun pápá rẹ̀ gún lè fi okùn kan ṣe é. Kí ó mú okùn mítà 12. Kí ó ta kókó kan sí mítà 3, kí ó ta òmíràn sí mítà 7, kí ó sì so orí okùn méjèèjì pọ̀. Kí ènìyàn mẹ́ta di kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, kí wọ́n sì fà á kó le. Ẹ̀gbẹ́ kan yóò jẹ́ mítà 3, èkejì mítà 4, ẹ̀kẹta mítà 5. Ibi tí mítà 3 àti mítà 4 ti pàdé ni igun tó gún bí igun ilé. Nígbà tí wọ́n bá ti fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, kí wọ́n wọn pápá láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, pápá náà ti gún.

Àwọn ìwọ̀n yòókù kò pọ̀. Ilé gọ́ọ̀lù fẹ̀ ní mítà 7,32, ó sì ga ní mítà 2,44. Àgbègbè pẹ́nátì bẹ̀rẹ̀ ní mítà 16,50 sí ẹ̀gbẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ inú pápá ní mítà 16,50. Àgbègbè kékeré iwájú ilé gọ́ọ̀lù jẹ́ mítà 5,50 bákan náà. Fún àyíká àárín pápá, kí wọ́n kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n so okùn mítà 9,15 mọ́ ọn, kí wọ́n sì rìn yí i ká. Gbogbo èyí kò kún ojú ìwé kan.

Èsì fún àwọn tó ní kò kan ni

Àwọn kan á sọ pé omi ẹ̀rọ àti oògùn ló kàn ní abúlé, kì í ṣe ìlà pápá. Òótọ́ ni pé omi àti oògùn ṣáájú. Ṣùgbọ́n owó ìdíje kì í ṣe owó omi. Owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún eré ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Abúlé tó rí owó ra ife ẹ̀yẹ kò lè sọ pé òun kò rí owó ra okùn àti ẹfun. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ife ẹ̀yẹ ńlá kọ́ sì ni ìdíje tó gún régé.

Àwọn mìíràn á sọ pé àwọn gbá bọ́ọ̀lù láì sí ìlà nígbà èwe àwọn, kò sì sí ohun tó ṣe àwọn. Ọmọdé mẹ́wàá tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé lè fi òkúta méjì ṣe ilé gọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì gbà fún ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí abúlé méjì bá pàdé, tí ilù ń dún, tí orúkọ ìlú wà nínú rẹ̀, gbígbà fún ara ẹni kì í rọrùn mọ́. Níbẹ̀ ni ìlà ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnu àgbà kò lè ṣe.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Iṣẹ́ náà ṣe é pín. Kí kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan ní kẹ̀kẹ́ ìfàlà kan tàbí méjì tí àwọn abúlé àti ilé ẹ̀kọ́ lè yá lò, kí orúkọ ẹni tó yá a sì wà nínú ìwé. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní okùn ìwọ̀n, okùn àti èèkàn tirẹ̀. Kí ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ pinnu pé ṣóò kò gbọ́dọ̀ wọ pápá ọmọ wọn mọ́. Kí ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje máa fa ìlà ní ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, kí wọ́n sì pe aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjèèjì láti wá wò ó. Ẹni tó bá ti gbà pé ìlà tọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kò ní rí ẹnu jiyàn lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó yẹ kó di okùn ìwọ̀n mú kò ṣòro rí. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn ọkùnrin àti obìnrin wà tó ti kọ́ bí a ṣe ń ka èdè wọn àti nọ́ńbà ní kíláàsì àgbà. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín 9,15 àti 9,50. Kí wọ́n kọ àwọn ìwọ̀n pápá sílẹ̀ ní Yorùbá sórí ìwé kan, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí wọ́n sì so ó mọ́ irinṣẹ́ náà. Ìwé tí ènìyàn kọ́ kì í ṣe fún gbígba lẹ́tà nìkan. Ó wà fún irú iṣẹ́ báyìí, tí gbogbo ìlú yóò fojú rí.

Bí oṣù kẹjọ mìíràn bá dé, owó yóò tún jọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó okùn, èèkàn àti ẹfun kúrò nínú rẹ̀. Bí ohun tó kù bá jẹ́ kí ife ẹ̀yẹ kéré díẹ̀, kò burú. Àwọn tó bá gbà á yóò mọ̀ pé àwọn jẹ ẹ́ lóòótọ́. Àwọn tó pàdánù náà yóò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi borí àwọn, kì í ṣe ariwo ẹnu. Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù á sì gba ilé rẹ̀ lọ ní àlàáfíà.